Àlàfo àárín páákẹ́ẹ̀tì lórí fáíbà 10G: 9, 13, 15... ṣé swíìṣì ló ń rẹ́ wa jẹ ni?

Ọmọ Lagere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ wáyà. Fáíbà 10G (gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kan ló so swíìṣì méjì pọ̀ níbí ní Ifẹ̀, ọ̀kan ní Lagere, èkejì lápá Modákẹ́kẹ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 3.2 km, SFP+ LR, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ tó sì ń gbà á, ló wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Nǹkan méjì ni kò yé mi.

Gbogbo ìwé ló ní kí àlàfo láàárín fíréèmù (páákẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà lórí wáyà) kan sí èkejì jẹ́ báìtì 12. Káàdì tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ní 9 ni nígbà míì, 10 tàbí 13 nígbà míì, ó tiẹ̀ ń dé 15.

Èkejì, bí ẹrù orí fáíbà náà bá kéré, rx_crc_errors (òǹkà fíréèmù tí CRC, nọ́ńbà àyẹ̀wò ìdí rẹ̀, kò bá mu) kì í mira. Bí mo bá ti fi ẹ̀rọ ìdánwò da páákẹ́ẹ̀tì kún un bámúbámú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bí 30 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan sọ fún mi pé àlàfo tó dín sí 12 yẹn ni kì í jẹ́ kí olùgbà ráyè mú aago rẹ̀ bá ti ẹni tó ń fi ránṣẹ́ mu. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Àgbà Kírísítà

Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ àlàfo, ọ̀tọ̀ ni ti CRC. Àlàfo ni n ó kọ́kọ́ mú.

Lórí 10G, báìtì mẹ́rin mẹ́rin ni MAC (apá tó ń to fíréèmù) ń kó lé PCS (apá tó ń sọ ọ́ di bíìtì ojú wáyà) lọ́wọ́. Àmì tó ń bẹ̀rẹ̀ fíréèmù, /S/, kò gbọ́dọ̀ bọ́ síbòmíràn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí kò ṣe ipò àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní lane 0. Fíréèmù kò sì ní í máa parí síbi tó rọrùn nígbà gbogbo. Olùfiránṣẹ́ á wá fi idle (àmì òfìfo) kún àlàfo, tàbí kó dín in kù, títí /S/ tó kàn á fi bọ́ sí ipò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kíkún nìkan ló ń kún un, ìyára á máa jò. Nítorí náà wọ́n gbà á láàyè kó máa yá báìtì, kó máa san án padà. Ìwé gbèsè yẹn ni deficit idle count, gbèsè ibẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju báìtì 3 lọ.

Fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ wò, má gbàgbé báìtì 8 ti preamble àti SFD, àmì tó ń kéde fíréèmù, níwájú:

Fíréèmù 64: 64 + 8 = 72. Ó ṣe é fi 4 pín láìṣẹ́kù. Àlàfo á jẹ́ 12 ní gbogbo ìgbà.

Fíréèmù 65: 73, ó ṣẹ́ku 1. Àlàfo tó lè bá a mu kò ju 11 tàbí 15 lọ. Wàá rí 11, 11, 11, gbèsè ti di 3, ìkẹrin á wá jẹ́ 15.

Fíréèmù 67: 9, 13, 13, 13.

Fíréèmù 1518: 10, 14, 10, 14.

Kó èyíkéyìí nínú wọn jọ, kí o pín in bó ṣe yẹ, 12 ni yóò já sí. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ọ jẹ. Bí o bá rí 8 lẹ́nu pọ́ọ̀tù tó ń fi ránṣẹ́ gan-an, ìgbà yẹn ni kí o pariwo. Ní ọ̀dọ̀ olùgbà, ìlànà tiẹ̀ gbà kó wálẹ̀ sí 5 lórí 10G, torí àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà lè ti gé nínú rẹ̀. Lórí 1G, 8 ni. Lórí 40G àti 100G, báìtì 1 péré.

Fáíbà Ẹnuwá

Ẹ jẹ́ kí n gba ti aago yẹn ṣe, torí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ethernet ayé àtijọ́ ni ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ ń rò. Lórí 10 Mb/s, bí fíréèmù bá ti tán, wáyà á dákẹ́ lọ gbári. Aago olùgbà á ṣáko. Ìdí tí preamble fi wà nìyẹn: báìtì 7 ti 0x55, 1 àti 0 tó ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, kí olùgbà lè fi di aago mú, kí 0xD5 tó wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ gan-an dé. Bí onílù bá ń dákẹ́ lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, oníjó ní láti dẹtí díẹ̀ kó tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí.

Láti orí 100BASE-TX ní 1995 ni onílù kò ti dákẹ́ mọ́. Lórí 10GBASE-R tìrẹ yẹn, bíìtì bílíọ̀nù 10.3125 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, páákẹ́ẹ̀tì wà o, kò sí o. Inú àlàfo kì í ṣófo, idle ló kún ibẹ̀, scrambler sì ti lú idle náà pọ̀ débi pé kò yàtọ̀ sí dátà lójú ẹ̀rọ tó ń yọ aago jáde. Kò sí ohun tó kàn án bóyá àlàfo jẹ́ 9 tàbí 15.

Ibi tí olùgbà ti ń wá ìdúró ni block lock. PCS ń fi bíìtì 2 sórí bíìtì 64 kọ̀ọ̀kan, 01 fún dátà, 10 fún àmì ìdarí. 00 àti 11 kò tọ̀nà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, olùgbà kò mọ ibi tí búlọ́ọ̀kù ti bẹ̀rẹ̀. Á mú bíìtì méjì, á wò ó: ṣé 01 tàbí 10 ni? Á fò síwájú ní bíìtì 66, á tún wò ó. Bó bá rí èyí tí kò tọ̀nà, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíìtì kan, á sì bẹ̀rẹ̀ òǹkà lọ́tun. Ipò tó ṣeé ṣe jẹ́ 66. Bó bá rí 64 tó tọ̀nà léraléra láìsí àbùkù kan, ó ti dì í mú nìyẹn. Nínú ipò tí kò tọ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì ni á kùnà, nítorí náà kì í pẹ́ níbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí o tó ṣẹ́jú.

Kí ó tó jù ú sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí 16 tó bàjẹ́ láàárín 64. Bí líǹkì rẹ kò bá ń lọ tó ń bọ̀, tó jẹ́ CRC nìkan ló ń gòkè, olùgbà rẹ kò sọ aago nù rárá.

Ó ku ibì kan ṣoṣo tí àwa níbí ṣì ń bá ìṣòro àtijọ́ yẹn pàdé: PON, fáíbà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń pín lò. OLT, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń gbọ́ wọn, ní láti di aago oníbàárà kọ̀ọ̀kan mú lọ́tun nígbàkigbà tó bá kàn án láti sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, preamble ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a.

Ìyá Ṣẹ́fà

CRC náà wá dà? Kí ló dé tó fi ń dúró de ẹrù?

Kò dúró dè é. Àṣìṣe ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà, ibi tó ń bọ́ sí ló ń yàtọ̀. Bí ẹrù bá jẹ́ 10 Mb/s lórí 10G, dátà kò gbà ju ìdá kan nínú 1,000 àkókò lọ. Ìyókù jẹ́ idle. Bíìtì tó bàjẹ́ nínú idle, ta ni yóò kà á? MAC kò ní fíréèmù lọ́wọ́, kò ní CRC tí yóò yẹ̀ wò. Àṣìṣe 30 rẹ yẹn á di ẹyọ kan láàárín bí ìṣẹ́jú 33. Bí o bá wá kún un bámúbámú, gbogbo àṣìṣe á máa bọ́ sórí fíréèmù.

Ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú kan lórí 10G fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 6 × 10¹¹ bíìtì. 30 nínú rẹ̀ jẹ́ 5 × 10⁻¹¹. Ìlànà ní kó má ju 10⁻¹² lọ, ìyẹn bí ẹyọ kan ní 100 ìṣẹ́jú àáyá. Ìlọ́po 50 lo fi kọjá rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni kí o lọ bá jà.

Ethtool -m eth0 (àṣẹ Linux tó ń ka ipò káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni kí o tẹ̀, kí o wo agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé. Olùgbà LR ń fẹ́ ju −14.4 dBm lọ. Olùfiránṣẹ́ rẹ̀ ń gbé −8.2 sí 0.5 dBm jáde. Fáíbà 3.2 km lórí 1310 nm á jẹ bí 1.3 dB, fi ìdajì dB kún un fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tó ń wọlé bá kéré ju −11 lọ, ohun kan ń jẹ ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kó o tó pààrọ̀ ohunkóhun:

Wo àwọ̀ ẹnu fáíbà. Ti LR sábà máa ń jẹ́ búlúù. Bí ẹnì kan bá ti fi okùn aláwọ̀ ewé sí i, irú èyí tí wọ́n ń lò fún PON, ojú rẹ̀ gé dagun, kò sì ní í lè fẹnu ko ojú tó tẹ́jú. Ó lè wọlé pẹ̀kẹ́pẹ̀kẹ́ kó sì dún "kọ̀" bíi pé kò sí nǹkan, ìmọ́lẹ̀ á máa sọnù síbẹ̀.

Nù ún. Lásìkò ọyẹ́ eruku Ifẹ̀ kì í ṣeré. Lo péènì ìnujú fáíbà, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹnu okùn, lẹ́yìn náà sínú SFP+ fúnra rẹ̀. Ibi kejì yìí lọ́pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Bí òróró ọwọ́ bá ti gan mọ́ ọn, fi aṣọ tí kì í bó àti ọtí isopropyl nù ún, kí o sì tún fi gbígbẹ nù ún. Etí aṣọ tí o wọ̀ kì í ṣe irinṣẹ́. Má sì fi ojú wo inú rẹ̀, 1310 nm kì í hàn sí ènìyàn, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó wo bóyá wọ́n fún fáíbà náà ní kọ̀rọ̀ tó há jù níbi tí wọ́n ti dì í mọ́ òpó.

Ethtool -S náà lè ní òǹkà tó ń ka àṣìṣe nínú idle. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti dráífà dé dráífà, wá pcs tàbí symbol nínú rẹ̀. Bí o bá rí èyí tó ń ka sync header nìkan, rántí pé bíìtì 2 nínú 66 ló ń ṣọ́. Àṣìṣe kan nínú bí 33 ló máa rí.

Iná Sábó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bèèrè èyí tó ń dùn mí. Lórí 1G, iperf3 (ètò tó ń wọn ìyára) kì í fún mi ju 941 Mb/s lọ. 59 ń lọ sínú àlàfo lásán. Mo rí ibì kan nínú swíìṣì tí wọ́n ti lè sọ àlàfo di 8. Ṣé kí n dín in kù?

Àgbà Kírísítà

Àbúrò, àlàfo kọ́ ló jẹ ẹ́. Fíréèmù tó kún ń gba àyè 1538 lórí wáyà: dátà 1448, àkókò TCP 12, TCP 20, IP 20, orí àti CRC ti Ethernet 18, preamble àti SFD 8, àlàfo 12. 1448 ÷ 1538 ni 94.15%. Àlàfo nìkan jẹ́ 0.78%, kò tó 8 Mb/s. Bí o bá sọ ọ́ di 8, ohun tí wàá rí gbà lórí fíréèmù ńlá jẹ́ 0.26%. Lórí fíréèmù 64 ó ń tó 5%, torí àyè 84 á di 80, ìyẹn ni àwọn tó ń dá a sílẹ̀ ń fi polówó.

Ohun tí o máa fi san án ni àyè tí àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà ń lò. Bí olùgbà kejì bá ní 8 ni òpin òun, tí ẹ̀rọ kan láàárín sì gé 2 kúrò nínú 8 rẹ, o ti wà lábẹ́ òpin. Fíréèmù á sọnù láìfi àmì CRC sílẹ̀. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Láti Iléṣà níbí. "Àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà lè gé nínú rẹ̀", kí ló dé tí wọ́n fi ń gé e? Mo tún ní èyí tó jọ ọ́: ẹ̀rọ ìdánwò 1G, fíréèmù 1518. Ní 100%, swíìṣì ń da bí 9 nù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní 99.9%, kò da ẹyọ kan nù. Kò sí CRC kankan. Wọ́n ní swíìṣì náà ti bàjẹ́.

Fáíbà Ẹnuwá

Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ má pààrọ̀ swíìṣì.

Kírísítà méjì (òkúta kékeré tó ń lu aago ẹ̀rọ) kì í dọ́gba. Ìlànà gba ọ̀kọ̀ọ̀kan láàyè láti fi 100 nínú mílíọ̀nù kan yára jù tàbí falẹ̀ jù. Bí èyí bá yára tó bẹ́ẹ̀, tí tọ̀hún falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ di 200 nínú mílíọ̀nù, ìyẹn báìtì 1 nínú 5,000. Ẹ̀rọ tí kì í tọ́jú fíréèmù, bíi kọ̀ńfátà tó kàn ń sọ bàbà di fáíbà, kò lè sọ fún olùfiránṣẹ́ pé kó rọra. Idle nìkan ló ní lọ́wọ́ tó lè jù nù láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí ohun tó ń wọlé bá yára ju ti ara rẹ̀ lọ, á yọ idle, méjì méjì báìtì lórí 1000BASE-X, mẹ́rin mẹ́rin lórí 10G. Bó bá falẹ̀, á fi kún un. Iṣẹ́ tí àlàfo ń ṣe lónìí nìyẹn: àyè ìsinmi fún aago méjì tí kò gbọ́ ara wọn yé. Fíréèmù 9018 ń gba àyè 9038, báìtì 1.8 ló ń ṣáko lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tó burú jù, nítorí náà 12 tó ó jẹ dáadáa.

Swíìṣì tìrẹ ń gba fíréèmù tán kó tó fi ránṣẹ́. Aago ara rẹ̀ ló fi ń gbé e jáde, á sì tún àlàfo 12 ṣe lọ́tun. Kò lè fi àlàfo san gbèsè. Nítorí náà báfà (ibi tí fíréèmù ti ń dúró) ló ń kún díẹ̀díẹ̀, títí á fi dànù. Fíréèmù 1518 lórí 1G jẹ́ 81,274 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 9 nínú rẹ̀ jẹ́ bí 110 nínú mílíọ̀nù. Kírísítà ẹ̀rọ ìdánwò rẹ fi bí 110 yára ju ti swíìṣì lọ, ó sì wà nínú ìlànà. Lórí fíréèmù 64, ìwọ̀n kan náà á da bí 164 nù nínú 1,488,095. Dán an wò. Bí nọ́ńbà rẹ bá sún mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mélòó kan, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn.

99.98% tàbí 99.9% ni kí o máa fi dánwò, kì í ṣe 100. Bí ẹ̀rọ ìdánwò bá gbà kí o yí aago rẹ̀, fa á sẹ́yìn ní 120 nínú mílíọ̀nù, ìdànù á dúró pátápátá. Ooru náà ń yí kírísítà padà. Nọ́ńbà àárọ̀ lè má bá ti ọ̀sán mu nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti kú.

Ìyá Ṣẹ́fà

Kí n fi ti bàbà kún un kíá. 1000BASE-T kò fi ìjà aago sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbéra ni wọ́n ti ń yan ọ̀gá: ẹni tó jẹ́ master ń lo kírísítà tirẹ̀, slave ń yọ aago ọ̀gá rẹ̀ láti inú ohun tó gbọ́, á sì fi kan náà dá a lóhùn. Autonegotiation, ìjíròrò tí ẹnu méjèèjì ń ṣe nígbà tí líǹkì bá ń gbéra, ni wọ́n fi ń yàn án, ìdí nìyẹn tí ìlànà kò fi jẹ́ kí ẹ pa á lórí 1000BASE-T. Ẹni tó bá fipá sọ ẹnu méjèèjì di master kò ní rí líǹkì. Ethtool tuntun ń fi hàn, wo master-slave status.

Àti EEE, ìlànà ìdín-iná-kù tó jáde ní 2010. Níbẹ̀ onílù máa ń sinmi lóòótọ́: bí ẹrù kò bá sí, ẹ̀rọ á sùn, 1000BASE-T sì nílò bí 16.5 µs kó tó jí. Bí ẹ bá ń rí ìdádúró tó ń fò sókè sódò lórí bàbà tí kò lẹ́rù, ethtool --set-eee eth0 eee off, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

117 ni mo rí lórí 64 dípò 164, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni mo wọ̀n ọ́n. Bí 79 nínú mílíọ̀nù nìyẹn.

Ìbéèrè kan péré: bí a bá fẹ́ fi 10G so Iléṣà mọ́ Ifẹ̀, bí 30 km, LR ńkọ́?

Fáíbà Ẹnuwá

79 dára, ó ṣì wà lábẹ́ 200.

LR kò dé ibẹ̀, 10 km ni òpin rẹ̀. ER ni, 1550 nm, 40 km. Olùfiránṣẹ́ ER lè gbé tó 4 dBm, olùgbà rẹ̀ kò sì fẹ́ ju −1 lọ. Lórí 30 km ojú ọ̀nà á jẹ ẹ́ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ dán méjèèjì wò lórí tábìlì pẹ̀lú okùn mítà 2, ẹ fi attenuator (ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) 5 dB sí i, bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó dá olùgbà lọ́ṣẹ́.

Iná Sábó

Lórí 100G ńkọ́? Ṣé bí ẹ ti wí yìí náà ni?

Àgbà Kírísítà

Ìpìlẹ̀ kan náà ni, iṣẹ́ tí idle ń ṣe ló pọ̀ sí i. 100GBASE-R ń pín búlọ́ọ̀kù sí lane 20. Kí olùgbà lè tò wọ́n padà, àmì ìtò kan máa ń wọlé sórí lane kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù 16,383. Àyè wo ni wọ́n fi sí? Wọ́n yọ idle. Ìyẹn nìkan jẹ́ 61 nínú mílíọ̀nù, lórí 200 ti kírísítà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òpin olùgbà fi wálẹ̀ sí báìtì 1.

Ohun tó máa ń dí wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ ni FEC, àfikún tó ń tún àṣìṣe bíìtì ṣe. SR4 (ti ọ̀nà kúkúrú) gbọ́dọ̀ ní RS-FEC, irú FEC kan, LR4 (ti ọ̀nà jíjìn) kò nílò rẹ̀. Bí ẹnu kan bá tan án, tí èkejì pa á, ìmọ́lẹ̀ á dára, líǹkì kò sì ní í jí. Ethtool --show-fec ní ẹnu méjèèjì kí ẹ tó bú fáíbà.

Ọmọ Lagere

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń wọlé ní Modákẹ́kẹ́ jẹ́ −14.9 dBm. Okùn búlúù ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú SFP+ gan-an ló dọ̀tí. Lẹ́yìn tí mo nù ún, −6.2. Mo ti fi fíréèmù 67 kún un fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, CRC kò kúrò lójú kan. Àlàfo: 9, 13, 13, 13.

Ìyá Ṣẹ́fà

Ó dáa. Jẹ́ kó lọ mọ́jú. Nu ti Lagere náà kí o tó dé e padà, kí o sì kọ −6.2 yẹn sára páálí pẹ̀lú ọjọ́ tí o wọ̀n ọ́n.